Ibn al-Haytham: Ọmọ Basra Tí Ó Gé Ìṣirò Ńlá sí Wẹ́wẹ́



Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba Onímọ̀, Ẹni tí Ó dá wa, tí Ó sì fún wa ní ojú, etí àti làákàyè. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ títí di ọjọ́ ẹ̀san.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó máa ń kó ìnira bá ọ̀pọ̀ nínú wa ní ilé-ìwé. Ọ̀rọ̀ náà ni kálíkúlọ́ọ̀sì. Bí olùkọ́ bá ti dárúkọ rẹ̀, àwọn kan á ti máa wo ojú fèrèsé, àwọn mìíràn á ní àwọn kò ní irú ọpọlọ bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíràn tilẹ̀ máa ń sọ pé ti òyìnbó ni, pé kò kan ẹni tí ó ń kéwú. Ẹni tí ó bá sì gbìyànjú, àkọ́sórí lásán ni ó sábà máa ń kọ́: ó mọ ohun tí yóò kọ sílẹ̀ nígbà ìdánwò, kò mọ ìdí tí a fi ń kọ ọ́. Nígbà tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá di òbí tàbí olùkọ́ lọ́la, ẹ̀rù yẹn náà ni yóò fi lé àwọn ọmọ lọ́wọ́.

Nítorí èyí ni a ṣe fẹ́ kí a jọ wo ìgbésí ayé mùsùlùmí kan tí ó ti kú láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Orúkọ rẹ̀ ni Abu Ali al-Hasan ibn al-Hasan ibn al-Haytham. Ìtàn rẹ̀ yóò fi hàn wá pé gbòǹgbò ìṣirò tí à ń sá fún yìí wà nínú ohun tí ọmọ ọdún méje lè fi ọwọ́ mú, tí ó sì lè fi ojú rí.

ÌLÚ TÍ A BÍ I SÍ

A bí Ibn al-Haytham ní ìlú Basra, ní ilẹ̀ Ìráàkì, ní nǹkan bí ọdún 354 lẹ́yìn Hijira, èyí tí í ṣe 965 nínú kíkà àwọn òyìnbó. Láti ara orúkọ rẹ̀, al-Hasan, ni àwọn ará Yúróòpù ti yọ Alhazen tí wọ́n ń pè é títí di òní.

Ìgbà tí ó dára fún ẹni tí ó fẹ́ràn ìwé ni wọ́n bí i sí. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn onímọ̀ ní Baghdad ti ń túmọ̀ ìwé àwọn Gíríìkì sí èdè Lárúbáwá. Ìwé Euclid lórí jọ́mẹ́tìrì wà níbẹ̀, ìwé Ptolemy lórí ìràwọ̀ wà níbẹ̀, àwọn ìwé Archimedes náà sì wà níbẹ̀, ẹni tí ó wá ọ̀nà láti wọn ohun tí ó rí roboto.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbi ọ̀rọ̀ wíwọn yìí, nítorí òun ni ìdí ọ̀rọ̀ wa. Ohun tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gún régé kò ṣòro láti wọ̀n. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ilẹ̀ yàrá ṣe fẹ̀ tó, yóò wọn gígùn rẹ̀, yóò wọn ìbú rẹ̀, yóò sì sọ ọ̀kan di púpọ̀ pẹ̀lú èkejì. Ó parí. Ṣùgbọ́n báwo ni a ó ṣe mọ bí inú igbá ṣe gbà tó láìda omi sí i? Báwo ni a ó ṣe ṣírò ìkòkò tí ikùn rẹ̀ yọ síta? Ìbéèrè yìí ti ń jẹ àwọn onímọ̀ lógún láti ayébáyé. Ọ̀nà tí a fi ń dá a lóhùn ni ó di ìdajì ohun tí à ń pè ní kálíkúlọ́ọ̀sì lónìí: kí a gé ohun náà sí wẹ́wẹ́, kí a wọn ègé kọ̀ọ̀kan, kí a sì ro gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Àwọn kan ti ṣe iṣẹ́ lórí rẹ̀ kí Ibn al-Haytham tó dé. Thabit ibn Qurra, ará Harran, tí ó kú ní ọdún 288 Hijira (901), wà lára wọn. Thabit kì í ṣe mùsùlùmí, ẹlẹ́sìn Sábíì ni, ṣùgbọ́n àwọn mùsùlùmí ìgbà náà kò torí ìyẹn kọ ìmọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni al-Quhi dé, tí ó rí ọ̀nà tí ó kúrú ju ti Thabit lọ. Ibn al-Haytham ka iṣẹ́ àwọn méjèèjì, ó dárúkọ wọn nínú ìwé tirẹ̀, ó sì sọ ibi tí wọ́n dé àti ibi tí ó kù. Bí ọmọlúwàbí ṣe ń ṣe nínú ìmọ̀ nìyẹn.

Ọ̀RỌ̀ ODÒ NÁÍLÌ

Òkìkí rẹ̀ kàn dé Íjíbítì. Ẹni tí ó ń jọba níbẹ̀ nígbà náà ni Kálífà al-Hakim ti ìdílé Fatimid, tí ó wà lórí oyè láti 386 títí di 411 Hijira (996 sí 1021). Ọba yìí fẹ́ràn ìmọ̀. Òun ni ó dá Ilé Ìmọ̀ sílẹ̀ ní Káírò ní ọdún 395 (1005). Ṣùgbọ́n ọba tí a kò lè mọ inú rẹ̀ ni, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìjòyè rẹ̀ ni ó sì ní kí wọ́n pa.

Ibn al-Qifti, òpìtàn kan tí ó gbé ayé ní nǹkan bí igba ọdún lẹ́yìn náà, ni ó sọ ìtàn yìí fún wa. Ó ní Ibn al-Haytham sọ nígbà kan pé bí òun bá wà ní Íjíbítì, òun yóò ṣe ohun kan sí odò Náílì tí yóò jẹ́ kí ó wúlò nígbà tí omi pọ̀ àti nígbà tí omi fà. Ọ̀rọ̀ kékeré kọ́ nìyẹn. Ní Íjíbítì ayé ìgbà náà, bí odò Náílì bá kún jù, ilé àti oko á lọ; bí kò bá kún tó, ìyàn á mú. Nígbà tí al-Hakim gbọ́, ó ránṣẹ́ pè é, ó fún un ní owó àti òṣìṣẹ́, ó sì ní kí ó lọ ṣe é.

Ibn al-Haytham àti àwọn ènìyàn rẹ̀ tọ odò náà lọ síhà gúúsù. Bí wọ́n ti ń lọ ni ó ń rí àwọn ilé àtijọ́ tí àwọn ará Íjíbítì ìgbà láéláé kọ́, bí wọ́n ṣe ga tó àti bí ìwọ̀n wọn ṣe pé tó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí ronú pé bí ohun tí òun fẹ́ ṣe bá ṣeé ṣe, àwọn tí wọ́n gbọ́n tó báyìí ì bá ti ṣe é. Nígbà tí ó dé ibi tí wọ́n ń pè ní al-Janadil, lẹ́bàá Aswan, tí ó yẹ ilẹ̀ àti omi náà wò fúnra rẹ̀, ó rí i pé ètò òun kò lè ṣe é. Ìròyìn kò tó àfojúbà. Ọdún 1960 sí 1970 ni wọ́n tó kọ́ ìsédò ńlá Aswan ní agbègbè yẹn, àwọn ẹ̀rọ ayé òde òní ni wọ́n sì fi kọ́ ọ.

Ẹ wo ipò tí ó wà. Ọba tí ń pa ènìyàn ni ó rán an níṣẹ́, owó ọba ni ó fi rìn. Ó ṣeé ṣe kí ó máa fi ọ̀rọ̀ dídùn fa ìgbà gùn. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó padà sí Káírò, ó sì jẹ́wọ́ pé òun ti ṣìrò. Al-Hakim kò pa á, ó fún un ní iṣẹ́ ìjọba. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kò jẹ́ kí Ibn al-Haytham sùn. Ìtàn náà ní kí ó má baà kú ni ó ṣe díbọ́n bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Wọ́n gba ohun ìní rẹ̀, wọ́n sì sé e mọ́ ilé, níbi tí ó wà títí al-Hakim fi di àwátì ní ọdún 411 (1021).

Kì í ṣe pé a fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ́ ìdíbọ́n lára rẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí a mú ni pé ẹni yìí mọ bí a ti í sọ pé mo ṣìṣe. Ẹni tí kò lè sọ bẹ́ẹ̀ kò lè kọ́ ìṣirò, kò sì lè fi kọ́ ọmọ.

ÌMỌ́LẸ̀ NÍNÚ YÀRÁ DÚDÚ

Iṣẹ́ rẹ̀ tí ó lókìkí jù ni Kitab al-Manazir, ìwé alápá méje lórí ìmọ́lẹ̀ àti ìríran. Ṣáájú rẹ̀, àwọn onímọ̀ bí Euclid àti Ptolemy gbà pé láti inú ojú ni ohun kan ti ń jáde lọ bá ohun tí à ń wò. Ibn al-Haytham kò torí orúkọ ńlá wọn gbà bẹ́ẹ̀. Ó ṣàkíyèsí pé bí a bá tẹjú mọ́ oòrùn, ojú á máa ro wá. Bí ó bá jẹ́ pé láti ojú wa ni nǹkan ti ń jáde, kí ni oòrùn fi ń pa wá lójú? Ó fi èyí àti àwọn ẹ̀rí mìíràn hàn pé ìmọ́lẹ̀ ni ó ń ti ara nǹkan wá sínú ojú.

Àdánwò rẹ̀ kan rèé tí ọmọdé pàápàá lè ṣe. Ó to fìtílà mélòó kan sí ọ̀kánkán ihò kan tí ó wọ inú yàrá dúdú. Lára ògiri inú yàrá náà, àmì ìmọ́lẹ̀ hàn ní iye fìtílà tí ó wà níta. Bí ó bá fi nǹkan bo fìtílà kan, àmì kan ṣoṣo ni yóò parẹ́, àwọn yòókù á dúró síbi tí wọ́n wà. Bí ó bá ṣí i, àmì náà á padà. Gbogbo ìmọ́lẹ̀ yẹn gba inú ihò kan kọjá, síbẹ̀ wọn kò dàpọ̀ mọ́ra.

Ẹ ṣàkíyèsí bí ó ti ṣe é. Kò kàn sọ fún òǹkàwé pé bí ọ̀rọ̀ ti rí nìyí. Ó sọ ohun tí òǹkàwé yóò tò, ibi tí yóò dúró sí àti ohun tí yóò bò, kí ó lè fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ó tún kọ ìwé mìíràn tí ó fi tọ́ka sí àwọn ibi tí Ptolemy ti takora. Ohun tí ó fi kọ́ni níbẹ̀ ni pé ẹni tí ó bá ń wá òtítọ́ kò gbọdọ̀ gbára lé orúkọ ẹni tí ó kọ ìwé. Kí ó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, kí ó sì yẹ èrò tirẹ̀ náà wò.

BÍ Ó TI WỌN OHUN TÍ KÒ GÚN

Ẹ jẹ́ kí a wá wo iṣẹ́ rẹ̀ nínú ìṣirò. Ẹ fi ọkàn yàwòrán òrùlé roboto tí ó ṣe ṣóńṣó lókè, bí irú èyí tí ó máa ń wà lórí mọ́ṣáláṣí ńlá. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ máa tẹ̀lé ìlà tí a ń pè ní parabola, irú ìlà tí òkúta máa ń tọ̀ bí a bá jù ú lọ sókè tí ó sì padà wálẹ̀ níwájú. Kí ẹ wá fi ọkàn gbé òrùlé yìí sínú agolo kan tí ó bá a mu gẹ́lẹ́, ní ìdí àti ní gíga. Ìbéèrè Ibn al-Haytham ni èyí: ìdá mélòó nínú agolo náà ni òrùlé yìí gbà? Thabit àti al-Quhi ti wọn irú èyí tí orí rẹ̀ rí roboto, tí kò ṣe ṣóńṣó, ìdajì agolo ni wọ́n sì rí i pé ó gbà. Ẹlẹ́nu ṣóńṣó yìí ni ó le.

Ó fi ọkàn gé òrùlé náà ní ìbú, ègé lórí ègé, tí gbogbo ègé nípọn bákan náà. Ègé kọ̀ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí owó kọ́bọ̀, àmọ́ etí rẹ̀ dagun díẹ̀. Fún ègé kọ̀ọ̀kan, ó fi ọkàn ṣe kọ́bọ̀ méjì tí etí wọn gún: ọ̀kan kéré tí ó lè wọ inú ègé náà, ọ̀kan tóbi tí ó lè gba ègé náà mọ́ra. Bí a bá ro gbogbo kọ́bọ̀ kéékèèké pọ̀, kò ní tó òrùlé. Bí a bá ro àwọn ńlá pọ̀, yóò ju òrùlé lọ. Òtítọ́ wà láàárín méjèèjì. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àròpọ̀ méjèèjì kò sì ju ègé ńlá kan ṣoṣo lọ, èyí tí ó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá. Nítorí náà, bí a bá ṣe ń gé e pẹlẹbẹ sí i ni ìyàtọ̀ náà ń kéré sí i, títí kò fi ní sí ibi tí èsì mìíràn lè sá pamọ́ sí.

Èsì tí ó rí ni ìdá 8 nínú 15. Bí agolo náà bá gba ife 15, òrùlé náà yóò gba ife 8, kò ní dín, kò sì ní lé.

Ṣùgbọ́n kí ó tó lè ro àwọn kọ́bọ̀ yẹn pọ̀, ó ní láti mọ bí a ti ń ro àwọn nọ́ńbà kan pọ̀: 1, lẹ́yìn náà 2 lọ́nà mẹ́rin, ìyẹn 2 × 2 × 2 × 2 tí í ṣe 16, lẹ́yìn náà 81, lẹ́yìn náà 256, bẹ́ẹ̀ ni ó ń lọ. Ó wá òfin kan tí ó lè fi ro wọ́n láìka wọn níkọ̀ọ̀kan, inú àwòrán onígun mẹ́rin ni ó sì ti rí i.

Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ nínú àwòrán náà kò ju ohun tí ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ṣe lọ. Ẹ wá ìdérí ìgò mínírà 24. Ẹ fi 1 sílẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lápá ọ̀tún, ẹ fi 4 to onígun mẹ́rin, méjì lórí méjì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹn, ẹ fi 9 to onígun mẹ́rin mìíràn, mẹ́ta lórí mẹ́ta. Kí ìdí gbogbo wọn wà lórí ìlà kan náà. Ó ti dà bí àtẹ̀gùn nìyẹn, ìdérí 14 sì ni ẹ ti lò. Ẹ wá fi ìyókù dí àyè tí ó ṣófo lókè, ìlà kan lẹ́yìn ìkejì. Ìlà kejì yóò gba 1. Ìlà kẹta yóò gba 3. Ìlà kẹrin, tí ó bo gbogbo wọn, yóò gba 6. Kò ní ku ẹyọ kan. Ohun tí ó wà nílẹ̀ báyìí jẹ́ onígun mẹ́rin tí ó gùn ní 6, tí ó ga ní 4, ó sì pé 24.

Ọmọ tí ó bá to èyí ti rí i pé 1 àti 4 àti 9 kò wà lásán. Wọ́n bá 1 àti 3 àti 6 tan. Bí ó bá fi 16 kún un, yóò rí i pé ó tún ṣẹlẹ̀: 30 ní ìsàlẹ̀, 20 lókè, 50 lápapọ̀, tí í ṣe 10 lọ́nà 5. Àwòrán irú èyí kan náà ni Ibn al-Haytham ń lò láti ìgbésẹ̀ kan dé èkejì títí ó fi dé ibi tí ó ń lọ. Òkè ńlá ni ó gùn, àtẹ̀gùn ọmọdé ni ó sì fi gùn ún.

Àsọdùn kò yẹ mùsùlùmí, nítorí náà a kò ní sọ pé Ibn al-Haytham ni ó dá gbogbo kálíkúlọ́ọ̀sì sílẹ̀. Nǹkan bí 600 ọdún lẹ́yìn rẹ̀ ni Newton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Leibniz ní Jámánì so gbogbo ọ̀nà pọ̀, kò sì sí ẹ̀rí pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti rí i. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá sọ pé ìmọ̀ yìí kò kàn wá, kò mọ ìtàn ni.

OHUN TÍ A LÈ ṢE PẸ̀LÚ ÀWỌN ỌMỌDÉ

Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Àwa ọ̀dọ́ ni à ń kọ́ àwọn àbúrò wa nílé, àwa náà ni à ń ràn wọ́n lọ́wọ́ ní ilé-kéwú àti níbi ẹ̀kọ́ ìsinmi. Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀nà bàbá yìí dán an wò.

Ẹ̀kọ́ kìíní wà ní ilé ìdáná. Ẹ mú iṣu tí ìdí rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Kí ẹ̀gbọ́n gé ègé kan nínípọn níbẹ̀, kí àbúrò wo ojú méjèèjì rẹ̀: ọ̀kan tóbi, ọ̀kan kéré. Kí ẹ wá gé òmíràn pẹlẹbẹ: ojú méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ẹ bi ọmọ náà pé èwo ni ó rọrùn láti wọ̀n nínú méjèèjì, kí ẹ sì bi í ní ìdí. Bí ó bá dáhùn, ó ti sọ ohun tí ó wà nídìí kálíkúlọ́ọ̀sì láìmọ orúkọ rẹ̀. Ẹ tún to gbogbo ègé padà kí ó rí i pé iṣu náà kò di púpọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò dín.

Ẹ̀kọ́ kejì, ẹ mú ìwé ìṣirò tí a fa ìlà sí ní igun mẹ́rin-mẹ́rin. Ẹ da ojú ife délẹ̀ lórí rẹ̀, kí ọmọ fi pẹ́ńsù fa ìlà yí i ká. Kí ó ka àwọn igun mẹ́rin tí wọ́n wà nínú róbótó náà pátápátá. Lẹ́yìn náà, kí ó ka gbogbo èyí tí róbótó náà kàn, títí kan àwọn tí ó gé. Nọ́ńbà kìíní kéré jù, èkejì pọ̀ jù. Ẹ wá pín igun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan sí mẹ́rin kéékèèké, kí ó tún un kà. Yóò rí i fúnra rẹ̀ pé àlàfo àárín méjèèjì ti dínkù. Kọ́bọ̀ ńlá àti kọ́bọ̀ kékeré Ibn al-Haytham náà ni ó ń kà yẹn.

Ẹ̀kọ́ kẹta, ẹ ká bébà líle ní ṣóńṣó bí ẹlẹ́pà ti ń ṣe, kí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ bí ẹnu agolo mílíìkì kan, kí ó sì ga bí agolo náà gẹ́lẹ́. Kí ẹ tó ṣe nǹkan kan, ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ́kọ́ méfò iye ìgbà tí ṣóńṣó yìí yóò kún kí agolo tó kún. Ọ̀pọ̀ ni yóò sọ pé ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ fún un ní gààrí kí ó wọ̀n ọ́n. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni. Ẹ má ṣe sọ ìdáhùn fún un ṣáájú, nítorí ìyàlẹ́nu tí yóò mú un ni ẹ̀kọ́ náà.

Nínú gbogbo èyí, ẹ jọ̀wọ́, kí pàṣán má ṣe wà nítòsí. Ọmọ tí ó ń bẹ̀rù pàṣán kò ní méfò, ẹni tí kò bá sì méfò kò ní mọ̀ bóyá òun ṣì í. Kí ẹ sì má ṣe bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ńlá. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, kí ojú rí i, kí ẹnu wá sọ ọ́. Bí ó bá dé ilé-ìwé girama tí olùkọ́ kọ àmì rẹ̀ sójú pátákó, yóò mọ̀ ọ́n bí ẹni tí ó pàdé ọ̀rẹ́ àtijọ́.

Ẹ̀yin arábìnrin, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gidigidi. Ìyá ni olùkọ́ àkọ́kọ́ tí ọmọ ń ní, ilé ìdáná sì kún fún ohun tí a lè gé, tí a lè dà, tí a lè wọ̀n. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ìṣirò kì í ṣe ti obìnrin.

ÌGBẸ̀YÌN RẸ̀

Lẹ́yìn tí al-Hakim ti lọ, Ibn al-Haytham jáde kúrò nínú àhámọ́, orí rẹ̀ sì pé. Kò padà sí ààfin. Ó lọ ń gbé lẹ́bàá mọ́ṣáláṣí al-Azhar ní Káírò, níbi tí ó ti ń kọ́ni, tí ó sì ń kọ̀wé. Ibn al-Qifti sọ pé lọ́dọọdún ni ó máa ń fi ọwọ́ da àwọn ìwé ìṣirò kan kọ, ìwé Euclid àti ti Ptolemy wà lára wọn, tí ó sì ń tà wọ́n ní 150 dínárì Íjíbítì. Owó yẹn ni ó fi ń jẹun fún odidi ọdún. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni ó jẹ, kì í ṣe àdúnyàn lẹ́nu ọ̀nà ọba.

Ìwé tí ó kọ lé ní 90. Èyí tí ó ju 50 nínú wọn ṣì wà títí di òní. Ó kú ní Káírò ní nǹkan bí ọdún 431 Hijira (1040). Wọ́n túmọ̀ ìwé rẹ̀ lórí ìmọ́lẹ̀ sí èdè Látìnì, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ìlú Basel ní ọdún 1572, níbi tí àwọn onímọ̀ Yúróòpù ti kà á. Ní ọdún 2015, tí àjọ àgbáyé fi ṣe Ọdún Ìmọ́lẹ̀, wọ́n ṣe ìrántí ẹgbẹ̀rún ọdún ìwé náà. Kòtò kan wà lójú òṣùpá tí a fi Alhazen sọ, àwòrán rẹ̀ sì wà lórí owó bébà 10,000 dínárì tí Ìráàkì tẹ̀ jáde ní ọdún 2003.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ jẹ́ kí a mú ẹ̀kọ́ mẹ́ta lọ sílé. Èkíní, ohun tí ó bá tóbi jù fún wa, kí a gé e sí wẹ́wẹ́, kí a mú un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Yóò ṣeé ṣe. Èkejì, kí a yẹ ọ̀rọ̀ wò kí a tó gbà á, kí a sì lè jẹ́wọ́ nígbà tí a bá ṣìṣe, bí ó tilẹ̀ jẹ́ níwájú ọba. Ẹ̀kẹta, kí a má ṣe fi ẹ̀rù tí a jẹ sẹ́yìn lé àwọn àbúrò wa lọ́wọ́. Ìmọ̀ tí Ibn al-Haytham fi sílẹ̀ kò yẹ kí ó jẹ́ ohun tí a ó máa fi yangàn nínú wàásù nìkan, nígbà tí ọmọ wa kò lè ka ìdérí ìgò 24.

Kí Ọlọ́hun fi orí jin Ibn al-Haytham àti gbogbo àwọn onímọ̀ wa tí wọ́n ti ṣáájú. Kí Ó fún wa ní ìmọ̀ tí ó ṣàǹfààní, kí Ó sì jẹ́ kí àwọn tí à ń tọ́ ju àwa lọ. Āmīn.